Ta ló wà nídìí ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sùn? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí wíwa tíìmù ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà kéde pé òun fẹ́ dán ètò tuntun méjì wò lórí wákàtí iṣẹ́ àwọn awakọ̀ àjàgbé. Kí ìròyìn náà tó dé orí WhatsApp àwọn ará ilé, ó ti di “ìjọba ti ní kí dírẹ́bà máa wakọ̀ tọ̀sán-tòru, kó máa fi wákàtí márùn-ún sùn.” Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba CDL, ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá, ti ń béèrè bóyá kí àwọn kúkú wá ẹnì kejì tí wọ́n á jọ máa wà á, ohun tí wọ́n ń pè ní tíìmù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sùn lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà. Ohun tí mo mọ̀ nìyí.

Ṣé lóòótọ́ ni wákàtí ti yí padà?

Rárá. Ìdánwò ni, fún ìwọ̀nba awakọ̀ tí wọ́n bá yàn.

Kí wá ni òfin tó wà nílẹ̀ wí?

Tí ẹ bá ti sinmi wákàtí 10 gbáko, ẹ lè wakọ̀ fún wákàtí 11, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 14 láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ẹ bá ti wà á tó wákàtí 8, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti ọdún 2020, wọ́n gbà kí èèyàn pín wákàtí 10 ìsinmi yẹn sí méjì, 7 lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ọkọ̀, 3 lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú ìdánwò tuntun náà fẹ́ wo 6 àti 4, tàbí 5 àti 5. Ẹ ro ó pọ̀, 10 náà ni. Ẹni tó fi ìròyìn ránṣẹ́ rí 5 àkọ́kọ́, kò dúró ka èkejì. Èkejì nínú ìdánwò náà fẹ́ jẹ́ kí awakọ̀ dá aago wákàtí 14 rẹ̀ dúró díẹ̀, láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 3.

Ẹ̀rọ tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń ka gbogbo rẹ̀. Kò ṣeé bẹ̀, kì í sì í gba ẹ̀gúnjẹ.

Kí ni tíìmù gan-an?

Awakọ̀ méjì, ọkọ̀ kan. Bí ọ̀kan ṣe ń lo wákàtí 11 tirẹ̀, èkejì ń sinmi 10 tirẹ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ ò sì fẹ́ẹ̀ dúró. Láti Los Angeles dé New York tó nǹkan bíi máìlì 2,800. Ẹni tó dá wà á máa lo bí ọjọ́ márùn-ún, tíìmù á débẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó ẹrù kánjúkánjú fi fẹ́ràn wọn. Kì í ṣe ti dírẹ́bà àti mọ́tò-bọ́ì o. Kò sẹ́ni tó ń rán ẹnì kejì lọ ra omi.

Ṣé owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó dá wà á lọ?

Owó tí ọkọ̀ ń pa ló pọ̀, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ẹni tó dá wà, tó ń gba sẹ́ǹtì 50 lórí máìlì kan, tó rin máìlì 2,500 lọ́sẹ̀, gba dọ́là 1,250. Tíìmù tí wọ́n ń san sẹ́ǹtì 60 fún, tó rin 5,000, gba dọ́là 3,000. Ẹ máa rí 3,000 yẹn nínú ìpolówó, á sì wọ̀ yín lójú. Ẹ pín in sí méjì, ó ku 1,500. Àfikún dọ́là 250 ni gbogbo rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ kò fi sùn lórí ohun tó dúró lójú kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi wọ́n: ṣé iye tẹ́ ẹ kọ yìí, tèmi nìkan ni àbí tàwa méjèèjì? Mo mọ ẹni tí kò béèrè títí tó fi gba owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣé wọ́n ń sanwó fún wákàtí tí mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì?

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í san án. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Boston dájọ́ pé bí ìsinmi awakọ̀ tíìmù lórí bẹ́ẹ̀dì bá kọjá wákàtí 8 lójúmọ́, èyí tó lé gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò owó iṣẹ́. Agbègbè ilé ẹjọ́ yẹn ni ìdájọ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má lọ sọ fún ọ̀gá yín ní Texas pé èmi ni mo ní kó san án.

Ṣé èèyàn tiẹ̀ lè sùn nínú ọkọ̀ tó ń sáré?

Òfin ní kí bẹ́ẹ̀dì náà gùn tó íǹṣì 75, kó fẹ̀ tó 24, kí ó sì ní àwọ̀n tàbí bẹ́líìtì tí kò ní jẹ́ kí ẹni tó sùn fò jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ. Ẹ máa so ó. Ẹ lè jókòó níwájú pẹ̀lú ẹnìkejì yín díẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 3 péré nínú ìyẹn ló lè wọ inú ìsinmi yín, kó tó kan wákàtí 7 ti orí bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyókù, ẹ wọlé lọ sùn.

Ariwo kọ́ ló ń dí oorun lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ariwo ẹ́ńjìnnì ti di orin. Ara ni kì í gbà, nítorí ara yín ń bá ẹni tó wà níwájú tẹ bíréèkì. Ní òru kan, lórí títì I-40, tí a ti kọjá Amarillo ní Texas, mo gbọ́ tí táyà ọ̀tún gun ìlà gbágungbàgun etí títì: gbrrrr. Mo dìde, àwọ̀n fà mí padà. Mo ya kọ́tìnnì. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń wà á gbé ike gààrí gbígbẹ àti ẹ̀pà sí àárín itan, ó ń jẹ ẹ́ wàràwàrà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Mi ò sùn o.” Mi ò tíì bi í léèrè ohunkóhun.

A yà síbi ìgbọ́kọ̀sí tó kàn, ó fi wákàtí márùn-ún sùn. Ẹrù pẹ́. Wọ́n bú wa lórí fóònù, a ní kí wọ́n má bínú.

Ẹni tuntun ni mí. Ṣé kí n wọ tíìmù?

Ó dá lórí irú tíìmù tí wọ́n ń pè é, nítorí orúkọ kan náà ni wọ́n fún nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ṣì ń lo ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, tí kò tíì gba CDL. Òfin ní kí ẹni tó ní CDL jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Ìyẹn kì í ṣe tíìmù, ẹ̀kọ́ ni.

Èkejì ló máa ń da èèyàn láàmú. Ẹ ti gba CDL, iléeṣẹ́ fi yín sí abẹ́ olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì ń pín ẹrù fún ẹ̀yin méjèèjì bíi tíìmù. Olùkọ́ ń sùn, ẹ̀yin ń wakọ̀ lóru. Kí lẹ wá ń kọ́ lára ẹni tó ń hanrun? Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé: ọjọ́ mélòó ni olùkọ́ á fi wà lójúfò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Bí wọ́n bá ń ta kókó lẹ́nu, ẹ wá ibòmíì.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tuntun méjì tí wọ́n so pọ̀. Èmi ò ní fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó mọ bí ọkọ̀ tó rù ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè nínú yìnyín, ẹnì kan sì ń sùn lórí ìgbàgbọ́ pé ẹnìkejì mọ̀ ọ́n. Ẹ dá wà á fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn wọ ibi ìjáẹrù láìsí ẹni tó ń pariwo “máa bọ̀, máa bọ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá wù yín, ẹ wá ẹni tí ẹ ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ojúmọmọ, tí ẹ ti rí bó ṣe ń tẹ bíréèkì.

Bùrọ̀dá mi ní ká jọ wà á, mọ̀lẹ́bí ni wá.

Wọ́n á pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún yín. Nínú ọwọ́ tí wọ́n kó jọ nínú òwe yẹn, kò sí èyí tó ń sùn. Bí ẹ kò bá lè sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé “Bùrọ̀dá, eré yín ti pọ̀ jù,” ẹ má bá wọn wọ ọkọ̀ kan. Tọkọtaya ni mo rí tó máa ń rọrùn fún jù, nítorí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń jà.

Obìnrin ni mí. Ṣé wọ́n lè fi mí sọ́dọ̀ ọkùnrin tí mi ò mọ̀?

Ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2014, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Missouri dá iléeṣẹ́ kan lẹ́bi nítorí pé ó ní obìnrin nìkan ló lè kọ́ obìnrin. Olùkọ́ obìnrin kò tó, àwọn obìnrin ń retí lórí ìlà, àwọn ọkùnrin sì ti ń gbowó. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé bóyá ẹ lè kọ ẹni tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.

Mo wà ní Ìbàdàn, ẹnì kan ní òun á bá mi ṣe físà awakọ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Marco Rubio, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, kéde pé wọ́n dá físà iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ àjàgbé dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ẹ bi í bóyá ó gbọ́.

Ó rẹ̀ mí, ẹnìkejì mi àti ọ̀gá ní kí n ṣáà máa wà á lọ.

Ẹ dúró. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tó rẹ̀ débi tí kò lè wà lójúfò dáadáa mọ́, tàbí tó ti fẹ́ débẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wakọ̀, iléeṣẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ ní kó wà á. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé yín kúrò níṣẹ́, ẹ ní 180 ọjọ́ láti fẹjọ́ sùn ní OSHA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́. Ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá pè yín lórí fóònù, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá wọn lóhùn: “Ó rẹ̀ mí, mo ti dúró,” pẹ̀lú aago àti ibi tí ẹ wà.

Mo ti wọ tíìmù, mo fẹ́ jáde.

Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bó ti wù kí inú bí yín tó. Àkọsílẹ̀ pé ẹ pa ọkọ̀ tì máa ń tẹ̀lé èèyàn lọ sí ibi iṣẹ́ tó kàn. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀, ẹ dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá dé ọgbà wọn, ẹ wo ìwé ẹ̀kọ́ tí ẹ fọwọ́ sí bóyá owó wà tí wọ́n á ní kí ẹ dá padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò inú àti ìta ọkọ̀, ẹ kó ìrọ̀rí yín, kí ẹ má sì gbàgbé ìkòkò oníná yín. Èmi gbàgbé tèmi.