Awa Tsireh

Awa Tsireh (1898–1955) jẹ́ ayàwòrán ọmọ Tewa, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti abúlé San Ildefonso, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà. Orúkọ Sípéènì tó ń jẹ́ ni Alfonso Roybal. Ìtumọ̀ Awa Tsireh ní èdè Tewa ni ẹyẹ inú koríko àbàtà. Ọ̀dà olómi ló fi ń ya ijó, ẹranko àti ìtàn ìwásẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n bí i sí.

Ìgbésí ayé

Ilé amọ̀kòkò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì máa ń bá Alfonsita ìyá rẹ̀ kun ọnà sára ìkòkò. Kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ ọnà kankan. Ìbátan rẹ̀ àgbà, Crescencio Martinez, tó kú lọ́dún 1918, ti ń ya ijó ìbílẹ̀ sórí bébà ṣáájú rẹ̀. Akéwì Alice Corbin Henderson ra púpọ̀ nínú iṣẹ́ Awa Tsireh, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1920.

Ọnà rẹ̀

Ẹni tó bá mọ ìkòkò San Ildefonso yóò tètè rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ilà. Kì í sábà ya ilẹ̀ tàbí òfuurufú sẹ́yìn àwòrán. Bébà funfun ló máa ń fi sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ṣe ń fi ara ìkòkò sílẹ̀ yí ọnà ká. Ìkùukùu rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn ilé. Òjò jẹ́ ilà tín-ín-rín tó rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Avanyu, ejò oníwo tó ni omi, a máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí odò, ahọ́n rẹ̀ a sì yọ bí mànàmáná.

Àwọn koshare ló dùn ún wò jù. Apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n, síbẹ̀ ẹgbẹ́ mímọ́ ni: ilà dúdú àti funfun bo ara wọn, háhá àgbàdo sì di irun wọn sókè sọ́nà méjì bí ìwo. Nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n a máa gun òṣùmàrè bí ọmọdé tó ń gun igi. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, ó dà bí ẹni pé ẹ̀bẹ̀ òjò ló wà lábẹ́ ẹ̀rín náà.

Lọ́dún 1921, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dín ijó ìbílẹ̀ kù. Èyí lè wà lára ohun tó mú kí àwòrán ijó níyì lójú àwọn tó ń rà á nígbà náà.

Àtẹ àti iṣẹ́ mìíràn

Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àtẹ ńlá New York ti 1931 àti ti Venice lọ́dún 1932. Ìjọba Faransé fún un ní oyè Palmes Académiques lọ́dún 1954. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà wà ní Smithsonian American Art Museum ní Washington. Ó tún rọ fàdákà fún ṣọ́ọ̀bù kan ní Colorado Springs.