Ta ló ní àánú ni wọ́n fi mú un dé Òlíńpíìkì?

Bí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù bá ti dé, tí ọmọ ilẹ̀ olóoru kan sì wọ bàtà onírin bọ́ sórí yìnyín, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: “Wọ́n kàn ní kó wá ni, kí gbogbo ayé lè pé.” Èmi náà sọ ọ́ lọ́dún 2014, nígbà tí Michael Christian Martinez jáde fún Philippines nínú ijó orí yìnyín (figure skating) ní Sochi, ní Rọ́ṣíà. Mo ti gbà pé bí orílẹ̀-èdè bá ti kéré nínú eré kan, wọ́n á fi ààyè ta á lọ́rẹ.

Philippines kò kéré ní ti èrò o. Orí yìnyín ló ti kéré. Martinez nìkan ni wọ́n rí mú wá, ọmọ ọdún 17, òun náà ló gbé àsíá. Láti 1992 títí di ìgbà yẹn, ọmọ ilẹ̀ wọn kankan kò dé Òlíńpíìkì ìgbà òtútù mọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní orísun. Ní Òlíńpíìkì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ààyè ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́ nínú ìwẹ̀ àti eré sísá. Òun ló gbé Eric Moussambani láti Equatorial Guinea dé Sydney ní 2000, tó dá nìkan lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, tí èrò ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí a rí nínú omi la gbé wá sórí yìnyín. Kò sí i níbẹ̀.

Ààyè 30 ló wà fún àwọn ọkùnrin nínú ijó orí yìnyín ní Sochi. Wọ́n ti pín 24 níbi ìdíje àgbáyé ọdún 2013 ní Kánádà. Mẹ́fà tó kù ni àwọn yòókù lọ jà lé lórí ní Oberstdorf, ní Jámánì, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, níbi ìdíje Nebelhorn Trophy. Lẹ́yìn ìyẹn, máàkì kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti gbà fún fífò àti yíyí; ẹni tí kò bá gbà á, ì báà jẹ́ ọmọ ọba, kò wọlé. Martinez gba ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn ti fẹ́ jọ òótọ́. Orílẹ̀-èdè kan kò lè mú ju ọkùnrin mẹ́ta wá, nítorí náà ẹni kẹrin ní Japan lè mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé lọ, kó sì jókòó sílé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ẹnì kan kò di ọ̀nà ọ̀fẹ́ fún ẹlòmíràn.

Orí yìnyín inú mọ́ọ̀lù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manila ni Martinez ti kọ́ eré yìí, ọmọ tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ilé wọn ni àwọn ẹbí rẹ̀ fi dúró yá owó. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: á máa yí lórí ẹsẹ̀ kan bí òkòtó, á nawọ́ sẹ́yìn, á di irin bàtà kejì mú, á fà á gòkè títí á fi kọjá orí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, kò sì ní dúró. Obìnrin ló sábà máa ń ṣe é. Ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á kò wọ́pọ̀.

Ní Sochi ó gba 64.81 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 119.44 lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ipò 19.

Ní 2018, ààyè kò kàn án tààrà. Òun ló wà níwájú lórí ìlà àwọn tó ń dúró, Sweden wá yọ̀ǹda tiwọn. Oríire nìyẹn, ṣùgbọ́n Oberstdorf kan náà ni wọ́n ti to ìlà yẹn, máàkì ni wọ́n fi tò ó. Ní PyeongChang, ní South Korea, níbi tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ọdún yẹn, ẹni 24 péré ló ń kọjá sí ọjọ́ kejì. Martinez gba 55.56, ó ṣe ipò 28, eré rẹ̀ sì parí síbẹ̀.