Ọ̀nà ìrìn ní òkè àjà ilé

Ọ̀nà ìrìn òkè àjà ni pákó tí wọ́n tẹ́ sórí igi àjà, láàárín àjà àti òrùlé, kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè rìn láì já sínú yàrá tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó sábà máa ń lò ó ni oníṣẹ́ iná, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù tàbí táńkì omi ṣe, àti onílé tó ń wá ibi tí òjò ti ń jò wọlé. Kì í ṣe ibi ìkẹ́rù sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Pátákó tó bo ojú àjà kò lágbára ju kó gbé ara rẹ̀ lọ. Igi tí wọ́n kàn án mọ́ nìkan ló ṣeé tẹ̀, àwọn igi yìí sì sábà máa ń jìn síra ní nǹkan bíi 40 tàbí 60 sẹ̀ntímítà. Bí òwú tó ń dí ooru bá ti bo gbogbo rẹ̀, ojú kò ní mọ igi yàtọ̀ sí àlàfo mọ́.

Nínú ilé tí wọ́n fi fírémù onígun mẹ́ta gbé òrùlé rẹ̀, igi ìsàlẹ̀ fírémù náà ni igi àjà. Òun ló di ẹsẹ̀ òrùlé mú kó má baà ya síta, ẹrù díẹ̀ ni wọ́n sì ṣírò mọ́ ọn. Òfin ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń lò fi 10 pọ́n-ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó ṣe ìwọ̀n òkè àjà tí wọn kò ní kó ẹrù sí. Ti pálọ̀ jẹ́ 40. Pákó a máa pín ìwúwo ẹni tó ń rìn sórí igi bíi mélòó kan, àmọ́ àpótí ìwé tí wọ́n tò jọ síbì kan lè wúwo ju agbára igi lọ. Kò sẹ́ni tó yẹ kó gé igi fírémù láìjẹ́ pé ẹnjiníà fọwọ́ sí i.

Wọ́n máa ń tẹ́ pákó dábùú igi àjà. Plywood tó nípọn tó mílímítà 18 wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ yìí, wọ́n á sì gé e níwọ̀n tí yóò fi gba ẹnu ọ̀nà àjà wọlé. Orí igi ni etí pákó méjì ti gbọ́dọ̀ pàdé. Èyí tí etí rẹ̀ bá yọ sí àlàfo yóò fì sókè lódìkejì bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ó sì léwu ju kí pákó má sí rárá, nítorí pé ẹni tó ń rìn ti gbára lé e. Súkúrù sàn ju ìṣó lọ, torí òòlù máa ń mi àjà títí tí ojú rẹ̀ á fi sán, súkúrù sì ṣeé tú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rí wáyà tó wà lábẹ́ pákó.

Ọ̀rọ̀ òwú ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń dí ooru. Bí pákó bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, agbára rẹ̀ dín kù nìyẹn. Ní Bìrìtéènì, mílímítà 270 ni ìnípọn òwú tí wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ igi àjà ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kò ga ju nǹkan bíi 100 lọ. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń gbé ọ̀nà náà ga, yálà kí wọ́n to igi mìíràn lé ti ìsàlẹ̀, tàbí kí wọ́n lo ẹsẹ̀ oníke tí wọ́n dè mọ́ igi. Kò yẹ kí òwú tàbí pákó dí ihò afẹ́fẹ́ etí òrùlé, torí ọ̀rinrin tí kò rọ́nà jáde máa ń mú kí igi jẹrà.

Nínú àwọn ilé àtijọ́ kan, vermiculite, ìyẹn òkúta wóró-wóró fífúyẹ́ tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, ni wọ́n dà sórí àjà dípò òwú. Èyí tí wọ́n ń wà ní Libby, ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, títí di 1990 ní asbestos nínú, ìyẹn èròjà tí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí ènìyàn bá fà á símú, nítorí náà wọn kì í rú u rárá kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Fún àwọn òkè àjà yòókù, ìbomú, ìbọ̀wọ́ àti àṣíborí tó lè gba orí lọ́wọ́ ìṣó òrùlé ti tó. Àárọ̀ sì dára jù fún iṣẹ́ náà, kí oòrùn tó mú.