Bí wọ́n ṣe ń kọ rìpọ́ọ̀tù àwòrán CT fún páńkíríásì tó wú lójijì

Aláìsàn tí inú rírun gbé dé ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta lè ya àwòrán CT (ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya inú ara) níbì kan, kí dókítà tó máa ka àwòrán náà wà níbòmíràn, kí wọ́n sì tún ní kó máa lọ bá oníṣẹ́ abẹ ní Ṣágámù tàbí Ìbàdàn. Rìpọ́ọ̀tù tí ẹbí rẹ̀ gbé dání ló máa bá a ṣàlàyé níbẹ̀. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ju "omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńkíríásì" lọ, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ṣì ṣófo. Irú omi wo? Ó ti pẹ́ tó? Ṣé ẹran ara tó ti kú wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni páńkíríásì wà, oje tó ń da oúnjẹ ló ń ṣe. Bó bá wú lójijì, oje náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀yà ara tó ṣe é. Òkúta inú àpò òróǹro àti ọtí ló sábà máa ń fà á. Nǹkan mẹ́ta ni àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀: irora inú tó bá àìsàn náà mu, ẹ̀jẹ̀ tí amylase tàbí lipase (èròjà inú oje páńkíríásì) inú rẹ̀ tó ìlọ́po 3 ìwọ̀n tó yẹ kó mọ, àti àwòrán. Bí méjì bá ti pé nínú wọn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló gbọ́dọ̀ sáré ya CT lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pàápàá níbi tó jẹ́ pé àpò ẹbí ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ẹran ara tó ń kú lè má tíì hàn dáadáa kí wákàtí 72 tó pé. Àwòrán ọlọ́tíràsáùǹdì ló yẹ kó ṣáájú, kí wọ́n fi wá òkúta òróǹro.

Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kò ní Atlanta lórí orúkọ tí wọn yóò máa pe nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n tún un ṣe ní 2012. Oríṣi méjì ni àìsàn náà: èyí tó kàn wú, òun ló pọ̀ jù, àti èyí tí ẹran ara ti kú nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn sínú iṣan kí wọ́n tó ya àwòrán. Ibi tó bá wà láàyè á mọ́lẹ̀, èyí tó ti kú á dúdú. Omi tó gbára jọ náà ní orúkọ mẹ́rin, ohun méjì ló sì ń pinnu èyí tí wọn yóò lò: ṣé ẹran òkú wà nínú rẹ̀, àti ṣé ó ti ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ tí irora ti bẹ̀rẹ̀. Omi lásán tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ 4 sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀. Bó bá kọjá ìyẹn tó sì ti ní awọ yíká, ó di pseudocyst. Èyí tí ẹran òkú wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: bí wọ́n bá pè é ní pseudocyst, tí wọ́n sì ki ọ̀pá tín-ín-rín bọ̀ ọ́, omi lè jáde kí òkú ẹran kù síbẹ̀, kí kòkòrò àrùn sì wọlé. CT nìkan lè má fi ẹran òkú hàn dáadáa nínú omi. MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya inú ara) tàbí ọlọ́tíràsáùǹdì mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí rìpọ́ọ̀tù sọ bẹ́ẹ̀.

Máàkì tí dókítà Balthazar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1990 láti fi àwòrán CT wọn bí àìsàn náà ṣe le tó ṣì wúlò. Wíwú àti omi gba 0 sí 4. Ẹran tó kú gba 2 bí kò bá tó ìdá 30 nínú 100, 4 bó bá wà láàárín 30 sí 50, 6 bó bá ju ìdajì lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 10.

Fọ́ọ̀mù rìpọ́ọ̀tù tó ní àyè fún gbogbo èyí, fún afẹ́fẹ́ inú omi tó lè túmọ̀ sí àkóràn, fún ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ọlọ inú (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńkíríásì), àti fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń wú bíi pé ó fẹ́ bẹ́, kì í jẹ́ kí dókítà gbàgbé ohunkóhun nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá rí iṣan bẹ́ẹ̀, kó pe ẹni tó rán aláìsàn wá lójú ẹsẹ̀.

Àyè kan wà tí dókítà tó ń ka àwòrán kò lè dá kọ: ọjọ́ tí irora bẹ̀rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi rán aláìsàn wá bá sọ "inú rírun" nìkan, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ 4 ti pé. Ẹbí mọ ọjọ́ náà. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn kí aláìsàn tó gun orí ẹ̀rọ.