"Palabra" àti "palava": ìdílé kan náà ni wọ́n

"Palabra" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ lédè Sípáníìṣì, ì báà ṣe ní Madrid tàbí ní Havana. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríkì ló ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dọ̀ wọn, "parabolē" ni kí á gbé nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, kí á fi wọ́n wéra. Àwọn ará Róòmù yá a lò, wọ́n ń pè é ní "parabola", Bíbélì èdè Látìn sì fi pe àwọn òwe Jésù. Látìn kúkú ti ní "verbum" fún ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ òun náà ló wà nínú Jòhánù orí 1, "Ní àtètèkọ́ṣe ni Ọ̀rọ̀ wà". Àwọn onímọ̀ èdè kan ní ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń yẹra fún un nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, tí "parabola" fi gba ipò rẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni bí r àti l ṣe gbapò ara wọn. R ló ṣáájú nínú "parabola"; nínú "palabra", l ti gba iwájú. Ẹ má pè é ní àṣìṣe o, àṣà ahọ́n àwọn elédè Sípáníìṣì ni: "periculum" di "peligro", ìyẹn ewu, "miraculum" di "milagro", ìyẹn iṣẹ́ ìyanu. Gẹ̀ẹ́sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Faransé, ìyẹn ni r kò fi kúrò láyè rẹ̀ nínú "peril" àti "miracle".

Ọwọ́ Faransé yìí náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí àwọn ọmọ "parabola" bíi "parable", "parliament" àti "parlour". "Parole" wà níbẹ̀ pẹ̀lú: nígbà kan, ọmọ ogun tí ọ̀tá mú lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun kò ní jà mọ́, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀.

"Palava" ńkọ́? Àwọn Pọtogí ló gbé "palavra", ìyẹn ọ̀rọ̀ lédè tiwọn, wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, tí wọ́n ń dúnàá-dúrà, ọ̀rọ̀ náà di ìjíròrò, ó di ẹjọ́, ó sì di wàhálà. Etíkun yìí ni àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1700 sí 1800, tí wọ́n fi ń sọ pé "palaver". Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwa la ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ tí a fi ń sọ pé palava, ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ wa níbí ni Gẹ̀ẹ́sì ti kó o.