Chardin: ara pátákó oníṣẹ́ abẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu Aved

Ẹ bi àwọn tó mọ̀ nípa àwòrán ilẹ̀ Faransé léèrè bí Jean-Siméon Chardin, ayàwòrán ará Paris kan láyé ọjọ́un, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya èèyàn nídìí iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn, ìtàn kan náà ni wọ́n máa sọ fún yín. Wọ́n á ní ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, Aved, tó ń ya ojú èèyàn, kọ 400 livre, owó ilẹ̀ Faransé nígbà náà, tí wọ́n fẹ́ fún un, Chardin wá ní kó gbà á jàre, owó ṣá ni, Aved bá fèsì pé òun ì bá gbà á ká ní ojú èèyàn rọrùn-ún yà bíi sọ́séèjì. Sọ́séèjì ni Chardin sì ń yà lọ́wọ́ nígbà náà! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn gún un lára, ló bá yíwọ́ padà kúrò nídìí oúnjẹ àti ìkòkò, ó kọjú sí èèyàn. Ìtàn tó dùn-ún gbọ́ ni, èmi ò kàn gbà á ni. Mariette, ẹnì kan tó ń kó àwòrán jọ, ló kọ ọ́ sílẹ̀, Mariette kan náà tó ní làálàá ti hàn jù nínú iṣẹ́ Chardin, ẹni tí ò gba tèèyàn, ṣé ẹnu ẹ̀ la ti fẹ́ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ onítọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tọ́rọ̀ ti ṣẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1699 ni wọ́n bí i, ní òpópónà Seine ní Paris, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Kì í sì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà lásán o, bàbá ẹ̀ ló ń kan tábìlì bíliádì fún ọba. Ẹ rò ó wò ná, tábìlì bíliádì ò gbọdọ̀ yẹ̀ níbì kankan, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi díẹ̀ ga ju ìkejì lọ, bọ́ọ̀lù á máa yí lọ síbi tẹ́nì kankan ò rán an. Ilé tí ọmọ náà dàgbà sí nìyẹn, ilé igi fífá àti ìwọ̀n. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí nǹkan ṣe ń jókòó pẹ̀sẹ̀, torí mi ò tíì rí ayàwòrán tí ìkòkò ẹ̀ jókòó sórí tábìlì bíi ti Chardin. Àwòrán àwọn tó ń ta bíliádì kan sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Carnavalet tí wọ́n kà mọ́ iṣẹ́ ìgbà èwe ẹ̀, èrò ló sì kún inú ẹ̀. Àwọn kan máa ń jiyàn bóyá òun ló yà á, àmọ́ ta ló tún kù tí ọ̀rọ̀ bíliádì máa kàn tó bẹ́ẹ̀?

Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán kan, Cazes, ó tún lọ sọ́dọ̀ òmíì, Noël-Nicolas Coypel, tó ní kó bá òun ya ìbọn sọ́wọ́ ọdẹ kan nínú àwòrán, àmọ́ kí ìmọ́lẹ̀ bá a bó ṣe yẹ kó bá a.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ kan, oníṣẹ́ abẹ, fẹ́ pátákó tó máa gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ní lọ́kàn ni kí wọ́n to àwọn irinṣẹ́ òun sí i, kí gbogbo ayé rí i. Chardin gbọ́, ó sì lọ ya nǹkan mìíì: ọkùnrin kan tí wọ́n fi idà gún nínú ìjà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé, oníṣẹ́ abẹ ti tẹ̀ mọ́ ọn, ó ń tọ́jú ojú ọgbẹ́, agbófinró ti dé, àwọn aráàdúgbò ń na ọrùn. Láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbé e kọ́. Ariwo ló mú oníṣẹ́ abẹ jáde, ó bá èrò bìbà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ bínú pé irinṣẹ́ òun dà, àmọ́ ìyìn tí èrò ń yìn ín pọ̀ débi pé kò rí ìbínú ọ̀hún bí mọ́. Cochin ló kọ èyí, òun àti Chardin jọ jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọba ni, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ó sì mọ̀ ọ́n délé. Pátákó yẹn ò sí mọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ló kún inú ẹ̀, èèyàn tó ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní títì, tipẹ́tipẹ́ kí Aved tó lanu sọ ọ̀rọ̀ sọ́séèjì!

Àwọn kan tún ní àwọn ayàwòrán Holland àti Flanders, tó wà ní Belgium òní, ló wò kọ́ ọ. Wọ́n ń ta àwòrán wọn ní Paris lóòótọ́, Largillière pàápàá, ayàwòrán tó lórúkọ, rí iṣẹ́ Chardin, ó rò pé ti ará Flanders ni. Ó ṣì í mú ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1724, bàbá ẹ̀ mú un wọ Saint-Luc, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń kun nǹkan. Lẹ́yìn náà ló dé Place Dauphine, gbàgede kan ní Paris. Àṣà kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi: lọ́jọ́ ọdún Ara Kristi, wọ́n á ta aṣọ olówó ńlá sára ilé kí àwọn Kátólíìkì tó gbé Sákírámẹ́ǹtì, búrẹ́dì mímọ́, kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí ò tíì lórúkọ á wá gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára aṣọ yẹn fún wákàtí díẹ̀ láàárọ̀, tójò bá rọ̀, ó di Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Gbangba òde náà ni, bíi ti pátákó! Ibẹ̀ ni Chardin gbé La Raie sí lọ́dún 1728: ẹja òkun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ìwọ̀ gbé kọ́, wọ́n ti la ikùn ẹ̀, ìfun pupa hàn síta, ojú ẹ̀ ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ológbò kan gbé ẹ̀yìn sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lórí àwọn ìkarahun òkun tí wọ́n ti là, ó ti ki ara bọ ìdààmú. Lọ́dún yẹn náà, nínú oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ ọba gbà á wọlé, àmọ́ ayàwòrán ẹran àti èso ni wọ́n pè é, ipò tó kéré jù lójú wọn, torí ìtàn Bíbélì àti ti àwọn ọba àtijọ́ ló wà lókè.

Ìyókù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Láti nǹkan bí 1733 ló ti wá ń ya obìnrin tó ń di lẹ́tà, èyí tó ń pọn omi nínú àmù bàbà, alágbàfọ̀, ọmọ tó ń fi ẹnu fẹ́ ìfòfó ọṣẹ, wọ́n gbẹ́ àwọn àwòrán náà sára bàbà, wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí bébà, ó dé ọwọ́ ẹni tí ò lówó ojúlówó. Ní 1740 ó fún ọba Louis kẹẹ̀ẹ́dógún ní Le Bénédicité, ìyá tó ń bu ọbẹ̀, ọmọ kékeré tó pàtẹ́wọ́ gbàdúrà, ìlù ẹ̀ rọ̀ sára àga. Ìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú ní 1735, ó fẹ́ opó olówó ní 1744, ó di akápò ẹgbẹ́ ní 1755, ọba fún un nílé ní 1757 ní Louvre, ààfin tó ti wá di mùsíọ́ọ̀mù, òǹkọ̀wé Diderot ń kókìkí ẹ̀, ojú wá ń dùn ún, ó fi ọ̀dà olóròóró sílẹ̀ ó mú pásítẹ́ẹ̀lì, ọ̀dà gbígbẹ tó dà bíi ṣọ́ọ̀kì, ó kú lọ́jọ́ kẹfà oṣù kejìlá ọdún 1779. Wọ́n gbàgbé ẹ̀ fúngbà díẹ̀, àwọn Goncourt, òǹkọ̀wé méjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbé e dìde. Ní 1869, La Caze, tó ń kó àwòrán jọ, fi iṣẹ́ ẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ fún Louvre, ní 2022 sì ni wọ́n ta apẹ̀rẹ̀ sítíróbẹ́rì tó yà ní 1761 ní mílíọ̀nù 24.4 yúrò, ìjọba Faransé ò jẹ́ kó jáde, Louvre sì ra á lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú náà dáwó sí i. Èso ni, ẹ má gbàgbé, ipò ìsàlẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọba fún un.