Jíju bọ́ọ̀lù fastpitch softball: iṣẹ́ apá àti bí bọ́ọ̀lù ṣe ń pòòyì

Softball ni eré kan tó jọ baseball, tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíì sì ń fi igi gbá a. Fastpitch softball ni irú ẹ̀ tí ajubọ́ọ̀lù ti máa ń ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀, lẹ́yìn tí apá ẹ̀ bá ti yípo èjìká lẹ́ẹ̀kan. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni softball ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1887, inú ilé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbá a. Nǹkan méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú jíju bọ́ọ̀lù yìí, ọ̀nà tí apá ń gbà títí bọ́ọ̀lù fi kúrò lọ́wọ́, àti bí bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ṣe ń pòòyì tó bá ti wà nínú afẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì ò sì ṣe é yà sọ́tọ̀ torí ibi tí ìka bá ti kan bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ló ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa yà sí.

Ní ìwọ̀ oòrùn Kogi, láti Kàbà títí dé Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló gba gbogbo pápá súkúù, softball ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀ mọ òkò jù dáadáa, òkò máńgòrò, òkò kajú, ṣùgbọ́n òkè orí ni ọwọ́ ti máa ń wá nínú òkò jíjù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní softball, ọwọ́ ẹ̀ á gbéra lọ sókè, tíṣà eré ìdárayá á sì ní láti kọ́ ọ ní ọ̀nà míì látìbẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù náà

Àyíká bọ́ọ̀lù yìí jẹ́ ínṣì 12, ìyẹn nǹkan bíi sẹ́ńtímítà 30 àtààbọ̀, ìwọ̀n ẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 178 sí 198, ó tóbi ju bọ́ọ̀lù baseball tí àyíká ẹ̀ jẹ́ ínṣì 9 àti díẹ̀ lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti fi òwú rán awọ ẹ̀ yọ síta, ìka lè há mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ náà sì lè há mọ́ ọn. Láti orí rọ́bà tí ajubọ́ọ̀lù ń tẹ̀ dé ibi tí onígi, ìyẹn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, dúró sí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 43 fún obìnrin, mítà 13 àti díẹ̀ nìyẹn, fún ọkùnrin ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 46. Ti baseball jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6.

Èèyàn lè rò pé bọ́ọ̀lù softball ò yá tó ti baseball, lóòótọ́ kò yá tó o, ṣùgbọ́n ọ̀nà kúrú. Bí bọ́ọ̀lù bá ń sá ní kìlómítà 105 láàárín wákàtí kan, tí ajubọ́ọ̀lù sì ti gbé ẹsẹ̀ gígùn síwájú kó tó fi í sílẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì kan ni onígi ní láti rí i, ronú, kó sì fì igi. Monica Abbott, ajubọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà, ju èyí tó tó máìlì 77 láàárín wákàtí kan lọ́dún 2012, kìlómítà 124 nìyẹn.

Ọ̀nà tí apá ń gbà

Ẹni tó bá ti rí ọmọ tó ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko ìrẹsì ti rí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: òkúta tó wà ní ìparí okùn ló ń sáré jù, àsìkò tí wọ́n bá sì tú okùn sílẹ̀ ló ń sọ ibi tí òkúta ń lọ. Nínú fastpitch, apá ni okùn yẹn.

Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ajubọ́ọ̀lù á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti rọ́bà, ara á fò síwájú, apá á gbéra láti iwájú lọ sókè, á kọjá orí, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kí ọwọ́ tó dé ìbàdí, ẹsẹ̀ iwájú ti gbọ́dọ̀ balẹ̀ kó sì le gan-an, torí bí ara bá dúró lójijì, agbára tó wà nínú ara á ṣáà wá ibi tó máa gbà, apá ló sì máa bá jáde. Ajubọ́ọ̀lù tí orúnkún iwájú ẹ̀ bá ń tẹ̀ bíi pé ó fẹ́ jókòó ń sọ agbára yẹn nù.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní ìdajì ìkẹyìn yìí. Ọ̀nà méjì ni àwọn kóòṣì ń kọ́ èèyàn. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí ọmọ kọ bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn nígbà tí apá ń sọ̀ kalẹ̀, kó na apá gbọọrọ, kó fi ọrùn ọwọ́ já bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó wá gbé igúnpá sókè síwájú tó bá parí. Nínú ọ̀nà kejì, àtẹ́lẹwọ́ máa ń kọjú sókè tàbí síta bí apá ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, igúnpá tẹ̀ díẹ̀, ó sì ṣáájú ọwọ́. Apá òkè á sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà, á dẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, apá ìsàlẹ̀ á fara ra ìbàdí fẹ́ẹ́rẹ́, á já síwájú, á sì yí wọlé bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò. Bí èèyàn bá wo fídíò àwọn tó mọ̀ ọ́n jù tí wọ́n sọ di jẹ́jẹ́, ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n ń lò, títí kan àwọn kan tó ń fi ẹnu kọ́ ọmọ ní ọ̀nà àkọ́kọ́. Kò yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní gbígbé igúnpá sókè mọ́, torí bọ́ọ̀lù ti lọ kí igúnpá tó gbéra, kò fi nǹkan kan kún eré ẹ̀, ṣe ló ń dá apá dúró níbi tó yẹ kó ti sá jù.

Òfin náà fẹ́ kí apá má yípo lẹ́ẹ̀mejì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́, kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ ìbàdí, kí ọrùn ọwọ́ má sì jìnnà sí ara ju igúnpá lọ.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń pòòyì

Bọ́ọ̀lù tó ń pòòyì máa ń ti afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ á sì ti òun náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Newton ti ṣàkíyèsí ẹ̀ lára bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, ṣùgbọ́n Heinrich Gustav Magnus, ará Jámánì, tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ lọ́dún 1852, ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́. Agbára Magnus yìí náà ló yí bọ́ọ̀lù Roberto Carlos wọlé nígbà tí Brazil gbá pẹ̀lú Faransé lọ́dún 1997.

Bí orí bọ́ọ̀lù bá ń yí síwájú, sọ́dọ̀ onígi, bọ́ọ̀lù á já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí ni drop ball, òun ló sì rọrùn jù fún apá tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, torí ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni ìka wà, ìka á fà á sókè bí ọwọ́ ṣe ń kọjá, bọ́ọ̀lù á yí síwájú fúnra ẹ̀. Curve ball tiẹ̀ ń yí bíi pé orí ẹ̀ dúró sójú kan tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń yípo: ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún á mú ọwọ́ gba abẹ́ bọ́ọ̀lù kọjá iwájú ara ẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì sá fún onígi ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Screwball ló ń yà sí òdìkejì. Changeup ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, apá á sá bó ṣe máa ń sá, bọ́ọ̀lù ló máa rọra jáde, onígi á ti fì tán kó tó dé.

Rise ball ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù ló gbọ́dọ̀ máa yí síwájú, kí orí ẹ̀ máa yí padà sọ́dọ̀ ajubọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ apá tó ń ti ìsàlẹ̀ wá ò fẹ́ irú yíyí bẹ́ẹ̀ rárá, àfi kí ìka gba abẹ́ bọ́ọ̀lù gé e lójijì, kí àtẹ́lẹwọ́ wo òkè. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní rise ball lórí pápá, bí ọta ìbọn ló ń yí, ìyẹn ni pé ìlà tó ń yí lé lórí dojú kọ ibi tó ń lọ, irú yíyí yẹn ò sì fún agbára Magnus láyè kankan. Kódà èyí tó dáa jù nínú wọn kì í tẹ̀ sókè nínú afẹ́fẹ́. Òòfà ilẹ̀ máa ń fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀ tó sẹ́ńtímítà 78 láàárín ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì yẹn, pípòòyì sẹ́yìn á dín in kù, kò lè pa á rẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ kó kọjú sókè láti ìbàdí, tí ojú onígi sì ti mọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń já, ó máa rí i bíi pé ó fò kọjá orí igi, á sì fì sí abẹ́ ẹ̀. Kí onígi sọ pé òun rí i tó gòkè, kì í ṣe irọ́, ohun tí ojú ẹ̀ rí nìyẹn.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ irú yíyí tí èèyàn ń jù ni kí wọ́n fi máákà fa ìlà dúdú yí bọ́ọ̀lù po. Bí ìlà náà bá dúró gbọingbọin lójú ẹni tó ń hán an, bọ́ọ̀lù ń yí dáadáa lórí ìlà yẹn, bó bá ń gbọ̀n, ìka ò kúrò lára ẹ̀ lójú kan náà.

Èjìká

Èrò kan gbilẹ̀ pé jíju láti ìsàlẹ̀ ò lè pa apá lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí apá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, agbára tó ń fa apá kúrò ní èjìká lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ara ẹni tó ń jù ú, iṣan iwájú apá òkè àti okùn tó so ó mọ́ èjìká ló ń jìyà ẹ̀ jù. Níbi Olympics 2008, Yukiko Ueno ará Japan ju bọ́ọ̀lù 413 láàárín ọjọ́ méjì, Japan sì gba góòlù lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà tó ti ju bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣe é, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé irú ẹ̀ lé ọmọ súkúù lórí.

Fún tíṣà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ìwọ̀ oòrùn Kogi tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, kò di dandan kí bọ́ọ̀lù gidi ti wà. Sọ́ọ̀kì tí wọ́n ká tó bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ògiri, tó láti kọ́ bí apá ìsàlẹ̀ ṣe ń ra ìbàdí, láti ìtòsí, kí wọ́n tó fi yíyípo apá kún un, kí ọmọ sì sinmi bí èjìká bá ti ń dùn ún. Lásìkò ọyẹ́ ọwọ́ máa ń gbẹ, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ́wọ́, òfin gbà kí ajubọ́ọ̀lù fi àtíkè rosin pa ọwọ́, kò gbà kó fi pa bọ́ọ̀lù.